Bí Iná Bá Jó Ilé Ẹgbẹ́, Ta Ni Yóò Bá Wa Díye Lé Òfò?

Ọ̀rọ̀ tí a bá àwọn ọmọ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù agbègbè Ìkọ̀lé, Ọ̀yẹ́ àti Ìdó sọ ní ìpàdé wọn

   

Ọ̀rọ̀ tí ẹ ní kí a wá sọ lónìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ayọ̀. Ọ̀rọ̀ òfò ni. Àwọn àgbà a máa sọ pé ilé ọba tó jó, ẹwà ló bù sí i. Òótọ́ ni fún ọba, nítorí pé gbogbo ìlú ni yóò bá a tún un kọ́. Ṣùgbọ́n bí ilé ìkó-kòkó-sí ti ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù bá jó, ẹwà wo ni yóò bù sí i? Owó opó wà níbẹ̀. Owó ilé-ìwé ọmọ wà níbẹ̀. Ìdí nìyí tí ẹgbẹ́ púpọ̀ fi ń san owó ìnṣọ́ránsì lọ́dọọdún. Bẹ́ẹ̀ ni kí a san owó jẹ́ ohun kan, kí a sì rí owó òfò gbà jẹ́ ohun mìíràn.

Ẹ jẹ́ kí a fi ti ẹgbẹ́ tiwa ṣe àpẹẹrẹ, kí ẹ̀yin má baà ṣe irú àṣìṣe tí a ṣe. Ní oṣù Kejì ọdún 2019, nígbà tí ọ̀gbẹlẹ̀ mú gan-an, iná ran ilé ìkó-kòkó-sí wa lọ́sàn-án gangan. Ibi tí wọ́n ti ń dín gààrí lẹ́yìn ilé wa ni iná ti ṣẹ́. Atẹ́gùn ló gbé e wá. Kí a tó bu omi débẹ̀, òrùlé ti wó lé àwọn àpò kòkó lórí. Lọ́jọ́ kejì, a kọ̀wé sí ilé-iṣẹ́ ìnṣọ́ránsì wa. Ṣùgbọ́n ìkánjú bá wa. A kọ ọ́ sínú ìwé náà pé "iná ìgbẹ́ ló jó wa," nítorí pé bí gbogbo ènìyàn ṣe ń pè é lẹ́nu nìyẹn ní àkókò ọ̀gbẹlẹ̀.

Ilé-iṣẹ́ náà rán ẹni tí ń díye lé òfò sí wa. Ó wá, ó wo ilé, ó ka àpò, ó ní òfò wa tó mílíọ̀nù 3 náírà. Lẹ́yìn náà ni ìwé dé pé àwọn kò ní san kọ́bọ̀, nítorí pé iná ìgbẹ́ kò sí lára ohun tí a san owó lé lórí. A gbé ìwé ìnṣọ́ránsì wa jáde, a kà á fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọdún tí a ti ń san owó. Lóòótọ́ ni. Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ìwé ìnṣọ́ránsì iná ṣe rí: wọn kì í ka iná tó ń jó ìgbẹ́, tàbí iná tí a fi sun oko, mọ́ ọn, àyàfi bí a bá bẹ̀ wọ́n kí wọ́n fi í kún un, kí a sì san owó lé e.

Ìpàdé ọjọ́ náà gbóná. Àwọn kan ní kí a gba kádàrá. Àwọn kan ní kí a gba ẹni tí yóò bá wa díye lé òfò tiwa. Ìyá wa kan dìde, ó ní, "Owó ti jóná, ẹ tún fẹ́ kí a ná owó lé owó?" Ọ̀rọ̀ gidi ni ìyá sọ. Ohun tó yí wa lọ́kàn padà ni òwe tí àgbà kan pa pé agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Ilé-iṣẹ́ ti gbọ́ ti ẹni tí ó rán wá. Ta ni yóò sọ tiwa?

Ẹ jẹ́ kí a là á yé ara wa. Ẹni tí ilé-iṣẹ́ ìnṣọ́ránsì rán wá kì í ṣe ọ̀tá. Iṣẹ́ tirẹ̀ ni pé kí ó wo ohun tó bàjẹ́, kí ó sì jábọ̀ fún ẹni tó bẹ̀ ẹ́ níṣẹ́. Ilé-iṣẹ́ ló ń san owó rẹ̀. Ní ìlú Gẹ̀ẹ́sì, orúkọ ọ̀tọ̀ ni wọ́n ń pe ti ilé-iṣẹ́, orúkọ ọ̀tọ̀ ni wọ́n ń pe ti olófò. Ní Amẹ́ríkà náà, àwọn kan wà tí iṣẹ́ wọn kò ju kí wọ́n dúró fún olófò, wọ́n sì ń gba ìdá kan nínú owó tí ó bá wọlé. Ní ìpínlẹ̀ Florida tí ìjì ti ń jà, òfin ní iye tí wọ́n ń gbà kò gbọdọ̀ ju 20 nínú 100. Bó bá jẹ́ ti àjálù tí ìjọba kéde, 10 nínú 100 ni fún ọdún àkọ́kọ́. Ní Nàìjíríà, òfin ìnṣọ́ránsì ọdún 2003 ti là á sílẹ̀ pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fi díye-lé-òfò ṣiṣẹ́ ṣe láìforúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ NAICOM, àjọ ìjọba tí ń bójú tó ìnṣọ́ránsì. Òfin tuntun ti rọ́pò rẹ̀ ní ọdún 2025, ṣùgbọ́n NAICOM ṣì ni alábòójútó.

A wá ẹni tí orúkọ ilé-iṣẹ́ rẹ̀ wà lọ́dọ̀ NAICOM, a sì bá a ṣe àdéhùn nínú ìwé: 10 nínú 100 owó tí a bá gbà, bí a kò bá gba nǹkan, òun náà kò gba nǹkan. Ohun àkọ́kọ́ tí ó ṣe ni pé ó lọ bá àwọn tó ń dín gààrí, ó sì gba ọ̀rọ̀ wọn sílẹ̀. Ó ya àwòrán ìgbẹ́ ẹ̀yìn ilé wa tí ewé rẹ̀ kò tilẹ̀ rọ. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ iná ìgbẹ́ ti parí. Lẹ́yìn náà ni ó tún òfò kà. Ẹni àkọ́kọ́ ka páànù, kò ka igi òrùlé tó wà lábẹ́ rẹ̀. Ó ka kòkó tó jóná, kò ka èyí tí èéfín ti wọ̀ lára, bẹ́ẹ̀ ẹ̀yin àgbẹ̀ mọ̀ pé kòkó tó bá ń rùn èéfín, kò sí oníṣòwò gidi tí yóò rà á. Ó ka òṣùwọ̀n wa àti tapólì pẹ̀lú. Nígbà tí àwọn méjèèjì jókòó pọ̀, wọ́n fẹnu kò sí mílíọ̀nù 4.8 náírà.

Ẹ má tíì pàtẹ́wọ́. Mílíọ̀nù 2.4 ni wọ́n san. Kí ló fà á? Ilé àti ẹrù tó wà nínú rẹ̀ tó mílíọ̀nù 12, ṣùgbọ́n mílíọ̀nù 6 ni a kọ sínú ìwé, torí kí owó tí a ó máa san lè kéré. Òfin ìnṣọ́ránsì ni pé bí o bá dá ìdajì ohun ìní rẹ lójú, ìdajì òfò ni wọn yóò san fún ọ, ìbáà jẹ́ òfò kékeré. Nígbà tí a san 240,000 náírà fún ẹni tó bá wa ṣiṣẹ́, ó ku 2,160,000. Ó sàn ju òfo lọ. Ṣùgbọ́n ìdajì tó kù, àwa ìgbìmọ̀ ni a fi ọwọ́ ara wa sọ ọ́ nù. Kò sí adíyelé-òfò tó lè tún ìwé tí a kọ láìdáa kọ lẹ́yìn tí iná ti jó. A tọrọ àforíjì lọ́wọ́ àwọn ọmọ ẹgbẹ́ wa nígbà náà. A tún ń tọrọ rẹ̀ lónìí.

Nítorí náà, ẹ mú ìmọ̀ràn wọ̀nyí lọ sílé.

Èkínní, ẹ ka ìwé ìnṣọ́ránsì yín sókè ní ìpàdé kí ọ̀gbẹlẹ̀ tó dé. Ẹ béèrè bóyá iná ìgbẹ́ wà nínú rẹ̀, àti ìjì òjò tí ń ṣí páànù wa ní ìbẹ̀rẹ̀ òjò. Ti oko fúnra rẹ̀ yàtọ̀. Ètò ìnṣọ́ránsì iṣẹ́ àgbẹ̀ tí ìjọba àpapọ̀ bẹ̀rẹ̀ ní 1987 ni kí ẹ béèrè fún un.

Èkejì, iye tí ohun ìní yín tó lónìí ni kí ẹ kọ, kì í ṣe iye tí ẹ fi kọ́lé láyé àtijọ́.

Ẹ̀kẹta, bí òfò bá ṣẹlẹ̀, ẹ kọ̀wé kíákíá, ṣùgbọ́n ohun tí ojú yín rí nìkan ni kí ẹ kọ. Ẹ má kó ẹrù tó jóná dànù kí wọ́n tó rí i. Ìwé ọjà àti ìwé àkọsílẹ̀ àpò, ẹ má kó o sínú ilé ìkẹ́rù. Ilé akọ̀wé ni kí ẹ̀dà rẹ̀ wà.

Ẹ̀kẹrin, bí òfò bá kéré tí ọ̀rọ̀ sì tọ́, ẹ kò nílò láti gba ẹnikẹ́ni. Bí ó bá tóbi, tàbí tí ẹ̀yin àti ilé-iṣẹ́ kò bá gbọ́ra yín yé, ẹ gba ẹni tí NAICOM mọ̀. Ẹ kọ iye owó rẹ̀ sílẹ̀ kí ó tó bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó bá ní òun yóò bá yín fi irọ́ kún òfò, ẹ lé e. Irọ́ kan lè mú gbogbo rẹ̀ lọ.

Ẹ̀karùn-ún, ẹ má fọwọ́ sí ìwé tó ní ẹ ti gba gbogbo ẹ̀tọ́ yín tán, àyàfi tí ìgbìmọ̀ bá ti kà á tí ó sì tẹ́ wọn lọ́rùn. Bí wọ́n bá ń fi ọ̀rọ̀ yín falẹ̀, ẹ kọ̀wé sí NAICOM.

Àgbájọ ọwọ́ ni a fi ń sọ̀yà. Ọwọ́ tí a fi gbá owó jọ, òun náà ni kí a fi dáàbò bò ó. Kí Ọlọ́run má fi iná òfò hàn wá o.