Ta Ni Yóò Wo Ọwọ́ Ìyá Àgbẹ̀bí? Ẹ̀kọ́ Ẹnu Iṣẹ́ àti Ìwé Ẹ̀rí ní Etí Òkun Ìlàjẹ

 

Wọ́n ní kí n wá sọ̀rọ̀ lórí ẹ̀kọ́ àti ìwé ẹ̀rí fún àwọn tó ń tọ́jú ènìyàn àti àwọn tó ń ran olùkọ́ lọ́wọ́ ní kíláàsì. N ò ní bẹ̀rẹ̀ láti inú ìwé. Alẹ́ ọjọ́ kan ni mo ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀.

Ọmọ ọdún mọ́kànlá ni mí nígbà náà. Omi ti fà, ọkọ̀ kankan kò lè kúrò ní abà wa títí ilẹ̀ yóò fi mọ́, ìrọbí sì ti mú ìyá mi. Wọ́n ránṣẹ́ sí ìyá kan ní ilé àgbẹ̀bí ìjọ tó wà ní ìkángun afárá pákó. Àtùpà ni wọ́n gbé fún mi dì mú. Mo rí i tí ìyá yìí fi ọṣẹ fọ ọwọ́ rẹ̀ dé ìgúnpá, tó ní kí wọ́n se abẹ fẹ́lẹ́ kó hó dáadáa kó tó lò ó. Nígbà tí ọmọ ti ké tán, tí gbogbo ilé ń yọ̀, òun kò tíì dìde. Ó tẹ́ ibi ọmọ sílẹ̀, ó ń fi ìka tẹ̀ ẹ́ yíká, ó ní kí n sún àtùpà mọ́ òun. Mo bi í pé kí ló ń wá. Ó ní, "Mò ń wò ó bóyá ó pé. Bí díẹ̀ bá ṣẹ́kù sínú ìyá rẹ, ẹ̀jẹ̀ ò ní dá."

Ó pẹ́ púpọ̀ kí n tó ka ọ̀rọ̀ yìí gan-an nínú ìwé tí wọ́n fi ń kọ́ àwọn nọ́ọ̀sì agbẹ̀bí. Mo padà lọ bá ìyá náà nígbà tó ti darúgbó, mo bi í pé ta ló kọ́ ọ. Kò lọ ilé ìwé rí. Ó ní ọdún méje ni òun fi tẹ̀ lé ìyá àgbà kan. Omi ni ó kọ́kọ́ ń pọn, aṣọ ẹlẹ́jẹ̀ ló ń fọ̀. Lẹ́yìn náà wọ́n jẹ́ kó máa di aboyún mú lẹ́yìn. Ó di ọdún kẹrin kó tó fọwọ́ kan ọmọ, ó sì di ọdún keje kí ìyá àgbà tó jókòó sí ìta yàrá, tó sì jẹ́ kó dá iṣẹ́ náà ṣe.

Ẹ wo bí ẹ̀kọ́ yẹn ṣe lọ ní ìpele ìpele. Ẹni tó mọ iṣẹ́ ló ń wo ẹni tó ń kọ́ṣẹ́, kò sì jẹ́ kó gòkè títí ọwọ́ rẹ̀ fi dá a lójú. Nígbà tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì dá irú ìwé ẹ̀rí kan tí wọ́n ń pè ní NVQ sílẹ̀ lẹ́yìn ọdún 1986, ohun tí wọ́n ń wá náà nìyẹn: kí ayẹ̀wò wá bá òṣìṣẹ́ níbi tó ti ń ṣiṣẹ́, kí wọ́n wo ohun tó lè fọwọ́ ṣe dípò ohun tó há sórí. Àwa ti ń ṣe é kí wọ́n tó dárúkọ rẹ̀. Ohun tí àwa kò ṣe ni kíkọ ọ́ sílẹ̀. Ọmọ tó kọ́ iṣẹ́ télọ̀ ní Ìgbókòdá níbí ń gba fúrídọ̀mù: wọ́n se ìrẹsì, ọ̀gá gbàdúrà sí i lórí, wọ́n fún un ní ìwé ẹ̀rí tó lè gbé kọ́ sára ògiri ṣọ́ọ̀bù. Mẹkáníìkì ń gba tirẹ̀, onídìrí náà ń gba tirẹ̀. Ìyá tó gba ìyá mi là kú láìní bébà kan lọ́wọ́.

Àwọn kan lè rò pé mò ń sọ pé kí ẹnikẹ́ni tó bá ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ máa gba sàtífíkéètì. Rárá o. Mo mọ ilé ìwòsàn àdáni kan, n ò ní dárúkọ rẹ̀, tó ń gba àwọn ọmọbìnrin tí kò tíì jáde níwèé mẹ́wàá, tí wọ́n ń pè wọ́n ní ọ̀gsílíárì. Oṣù kejì, wọ́n ti ń gún abẹ́rẹ́. Kò sí ẹni tó ń wò wọ́n. Àwọn òbí wọn ló ń sanwó ìkọ́ṣẹ́, àwọn ọmọ náà ló tún ń ṣe iṣẹ́ tó yẹ kí wọ́n gba nọ́ọ̀sì sí. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi wà lára wọn. Nígbà tó rí bí aláìsàn kan ṣe gbọ̀n lẹ́yìn abẹ́rẹ́ tí òun fún un, ó bọ́ aṣọ funfun sílẹ̀, kò padà síbẹ̀ mọ́. Ó wà lẹ́nu iṣẹ́ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ kò sí níbẹ̀. Ìdí nìyí tí ìbéèrè mi fi jẹ́ ta ni yóò wo ọwọ́. Iye ọdún tí ènìyàn lò kò tó.

Ní ti ìlera, Nàìjíríà gbìyànjú láti dáhùn ìbéèrè yìí. Láti ọdún 1975 ni ìjọba àpapọ̀ ti bẹ̀rẹ̀ ètò ìlera tó wá bí àwọn òṣìṣẹ́ ìlera àwùjọ tí a mọ̀ sí CHEW. Nígbà tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Olikoye Ransome-Kuti jẹ mínísítà ìlera láti 1985 sí 1992, ó fi agbára rẹ̀ sí ìlera alábọ́ọ́dé, ó fẹ́ kí ìtọ́jú bẹ̀rẹ̀ láti ẹnu ọ̀nà ilé aláìsàn. Ọdún méjì ni wọ́n fi ń kọ́ JCHEW, ìpele tó kéré sí CHEW, ọdún mẹ́ta ni ti CHEW, wọ́n sì ń rán wọn lọ sí ìgboro àti abúlé lásìkò ẹ̀kọ́ náà. Ètò tó dára ni. Àmọ́ Àkúrẹ́ ni kọ́lẹ́ẹ̀jì ìlera ìjọba ìpínlẹ̀ wa wà, ọmọ Àwóyè ní etí òkun níbí tó bá fẹ́ wọ ibẹ̀ gbọ́dọ̀ ní kírẹ́díìtì nínú ìdánwò ìwé mẹ́wàá, kó ní owó ilé, kó sì fi omi sílẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó lọ kò padà wá, n ò sì bá wọn wí. Ẹni tó ti gbé níbi tí iná wà, tí ọjà wà nítòsí, kí ló fẹ́ padà wá ṣe ní ilé ìwòsàn tí òkun ń jẹ ìpìlẹ̀ rẹ̀?

Ẹ jẹ́ kí n dúró díẹ̀ lórí Abíyè, ètò ìtọ́jú aboyún, nítorí a mọ̀ ọ́n dáadáa ní ìpínlẹ̀ yìí. Ọdún 2009 ni ìjọba Gómìnà Olusegun Mimiko bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, ìjọba ìbílẹ̀ Ìfẹ́dọ̀rẹ́ ni wọ́n ti kọ́kọ́ dán an wò. Wọ́n fún aboyún ní fóònù, wọ́n yan àwọn tó ń wá wọn lọ sílé. Nígbà tó yá ni wọ́n fi Agbẹ̀bíyè kún un: ìyá àgbẹ̀bí ìbílẹ̀ tàbí ti ilé ìjọ tó bá mú aboyún wá sí ilé ìwòsàn ìjọba máa ń gba owó díẹ̀ nígbà náà, wọ́n sì kọ́ àwọn ìyá náà ní iṣẹ́ mìíràn tí wọn yóò máa jẹ, irú bí ọṣẹ ṣíṣe. Àwọn ìyá kan wà láàyè lónìí nítorí ètò yìí, n kò sì ní jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fojú tín-ín-rín rẹ̀ níwájú mi.

Síbẹ̀ ọ̀rọ̀ ọṣẹ yìí ń dùn mí. Obìnrin tó ti fi ọgbọ̀n ọdún gbẹ̀bí, tó mọ aboyún tí ẹsẹ̀ rẹ̀ wú ju bó ṣe yẹ lọ, tó mọ ẹni tí yóò sún síwájú fún iṣẹ́ abẹ, ọṣẹ ni a fi dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. A lè gba abẹ fẹ́lẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ìyẹn tọ́. Ṣùgbọ́n ìmọ̀ ìtọ́jú tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ ńkọ́? Ó lè jẹ́ òun ni yóò máa wo ìyá ọlọ́mọ tuntun lẹ́yìn tó bá kúrò ní ilé ìwòsàn, òun ni yóò máa kọ́ aboyún ní oúnjẹ tó yẹ. Ìwé ẹ̀rí olùtọ́jú ló yẹ kí a fún un lẹ́yìn tí a bá ti yẹ ọwọ́ rẹ̀ wò.

Ọ̀rọ̀ ilé ìwé kò yàtọ̀. Ní oṣù kìíní ọdún 1955, nígbà tí ìjọba Ìwọ̀ Oòrùn lábẹ́ Olóyè Obafemi Awolowo sọ ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ di ọ̀fẹ́, ọmọ tó lé ní 800,000 ló ya wọ kíláàsì, olùkọ́ tó gbẹ̀kọ́ kò sì tó rárá. Àwọn ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ni wọ́n fi sí iwájú pátákó ìkọ̀wé, wọ́n ń kọ́ni, wọ́n sì ń kọ́ iṣẹ́ lọ́wọ́. Àwọn kan lára wọn di ọ̀gá àgbà ilé ìwé. Nígbà tó di 1976, ìjọba àpapọ̀ dá National Teachers' Institute sílẹ̀ ní Kaduna kí tíṣà lè kẹ́kọ̀ọ́ láìfi kíláàsì rẹ̀ sílẹ̀, ó ń ka ìwé lálẹ́, ó ń lọ sí ẹ̀kọ́ lásìkò ìsinmi. Òfin wá ní NCE ni ìwé ẹ̀rí tó kéré jù fún ẹni tó fẹ́ kọ́ni, mo sì fara mọ́ ọn.

Àwọn tí òfin náà kò rí ni tíṣà P.T.A. Ẹ mọ̀ wọ́n. Ọmọbìnrin tó jáde níwèé mẹ́wàá, tí àwọn òbí ń dá owó jọ fún lóṣooṣù, nítorí tíṣà tí ìjọba rán wá sí etí òkun ti wá ọ̀nà padà sí òkè. Òun ló ń nu imú àwọn ọmọ nọ́sìrì, òun ló ń dì wọ́n mú kọjá afárá pákó nígbà tí omi bá kún, òun ló mọ ọmọ tí kò gbọ́ràn dáadáa tó sì gbé e wá síwájú. Láti ìgbà tí ètò ẹ̀kọ́ orílẹ̀-èdè ti fi ọdún kan sí iwájú alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, irú iṣẹ́ tó ń ṣe yìí gan-an ni ìjọba ń fẹ́. Ẹ bi í pé kí ni iṣẹ́ rẹ̀, yóò ní òun kàn ń ràn wọ́n lọ́wọ́ ni. Ó ti ń ràn wọ́n lọ́wọ́ fún ọdún mẹ́sàn-án.

Bí ọmọbìnrin yìí kan náà bá rí ọ̀nà dé Lọ́ńdọ̀nù, ẹ wo ohun tí yóò ṣẹlẹ̀. Ilé ìwé tó bá gbà á lè fún un ní àǹfààní láti gba ìwé ẹ̀rí olùrànlọ́wọ́ tíṣà bó ṣe ń ṣiṣẹ́. Bó bá jẹ́ iṣẹ́ kíà ló rí, ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó yóò mú un gba Care Certificate tó bẹ̀rẹ̀ ní 2015 pẹ̀lú ìlànà mẹ́ẹ̀ẹ́dógún: bí a ṣe ń gbé arúgbó dìde kí ẹ̀yìn wa má baà ro wá, bí a ṣe ń pa àṣírí aláìsàn mọ́, bí a ṣe ń fún ènìyàn lóúnjẹ láì fi àbùkù kàn án. Ọ̀pọ̀ nínú rẹ̀ ló ti ṣe fún ìyá ìyá rẹ̀ lórí omi níbí. Láti 2022 tí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti ṣí físà sílẹ̀ fún àwọn olùtọ́jú, àwọn ọmọ wa rọ́ lọ. Ní oṣù keje 2025, wọ́n ti ilẹ̀kùn náà fún àwọn tó fẹ́ ti òkèèrè wá. Àwọn tó ti ta ọkọ̀ àti ẹ́ńjìnnì nítorí ìrìn-àjò yẹn ń bẹ láàárín wa.

Kí ni mo wá ń bèèrè? Orílẹ̀-èdè yìí ní ètò kan, National Skills Qualification, tí àjọ ìjọba tó ń jẹ́ NBTE ń bójú tó. Ìpele ìpele ni wọ́n pín in sí. Ẹni tó bá mọ iṣẹ́ láìlọ ilé ìwé lè jẹ́ kí wọ́n yẹ òun wò, kí wọ́n sì fi í sí ìpele tó tọ́ sí i. Mo fẹ́ kí àwọn olùyẹ̀wò náà wọ ọkọ̀. Kí wọ́n wá sí Ugbónlà, kí wọ́n dé Àwóyè, kí wọ́n jókòó sí ilé àgbẹ̀bí fún ọjọ́ mẹ́ta, kí wọ́n jókòó sí nọ́sìrì fún ọ̀sẹ̀ kan, kí wọ́n bi ẹni tí wọ́n ń yẹ̀ wò ní èdè tó gbọ́. Èdè Ìlàjẹ ni ìyá àgbẹ̀bí fi mọ ohun tó mọ̀. Bí ẹ bá fi Gẹ̀ẹ́sì bi í, Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ ni ẹ ń yẹ̀ wò, ẹ kò tíì kan iṣẹ́ rẹ̀. Kí nọ́ọ̀sì agbẹ̀bí láti ilé ìwòsàn ìjọba Ìgbókòdá wà pẹ̀lú wọn, kó tọ́ka sí ibi tí ọwọ́ kò tíì já fáfá, kó padà wá lẹ́yìn oṣù mẹ́ta. Ẹni tí kò bá yege, kí wọ́n sọ fún un ohun tó kù. Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ léwu, kí wọ́n dá a dúró.

Àwọn kan sọ fún mi pé owó epo ọkọ̀ yóò pọ̀. Kí n tó dá wọn lóhùn, mo lọ wo Ayétòrò ní etí òkun wa. Ọdún 1947 ni àwọn aládùúrà tẹ ìlú yẹn dó, wọ́n sì gbé e kalẹ̀ lórí iṣẹ́: gbogbo ọmọ ló ń kọ́ iṣẹ́ lọ́wọ́ àgbà, ẹni tó mọ iṣẹ́ ń kọ́ ẹni tí kò mọ̀, ọmọ sì jẹ́ ọmọ gbogbo ìlú. Wọ́n kan ọkọ̀, wọ́n ṣe bàtà, wọ́n hun aṣọ. Lónìí òkun ti gba òpópónà wọn, ó gba ilé ìjọsìn, ó gba ilé ìwé. Mo bá obìnrin kan níbẹ̀ tí ilé rẹ̀ ti wó lẹ́ẹ̀mẹta. Nínú yàrá tó yá, ó to ọmọ kéékèèké mẹ́rìnlá jókòó sórí ẹní, ó ń fi ìkarahun kọ́ wọn ní ìṣirò. Ilé tí a kọ́ fún ẹ̀kọ́ ti wọ omi lọ pẹ̀lú gbogbo owó tó bá a lọ. Obìnrin yẹn ṣì wà. Owó epo ọkọ̀ tí yóò gbé olùyẹ̀wò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ẹ jọ̀wọ́, ẹ jẹ́ kí ìjọba ìbílẹ̀ kọ ọ́ sínú ìṣúná ọdún tó ń bọ̀.

Alága ti ń wo aago, ẹ ó sì fẹ́ bèèrè ìbéèrè. Mo rí àwọn ìyá ilé àgbẹ̀bí ní ìjokòó ẹ̀yìn, mo rí àwọn tíṣà P.T.A. méjì ní ẹ̀gbẹ́ ògiri. Ẹ̀bẹ̀ kan ni mo bẹ̀ yín, ẹ̀yin ọ̀jọ̀gbọ́n iwájú: ẹ jẹ́ kí makirofóònù kọ́kọ́ dé ọ̀dọ̀ wọn.