Bí A Bá Ṣí Orí Ilé Lásìkò Òjò

Ọ̀rọ̀ tí ó wà níwájú wa ní alẹ́ yìí lè dà bí ọ̀rọ̀ àwọn gbẹ́nàgbẹ́nà nìkan, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí ó ń gbé abẹ́ òrùlé tí kò kàn. Bí a bá ń pààrọ̀ òrùlé, tí iṣẹ́ kò tíì parí, tí òjò sì ṣú, kí ni ó yẹ ní ṣíṣe?

Ìlú Ede ni n óò fi ṣe àpẹẹrẹ, nítorí pé àwọn agbo ilé alámọ̀ àtijọ́ ṣì wà níbẹ̀, òjò ibẹ̀ kò sì ṣeé fojú tẹ́ńbẹ́lú. Àkọ́rọ̀ a máa dé ní oṣù kẹta tàbí ìkẹrin. Òjò a gbilẹ̀ ní oṣù kẹfà àti ìkeje, a rọlẹ̀ díẹ̀ ní oṣù kẹjọ, a sì tún padà pẹ̀lú agbára ní oṣù kẹsàn-án, kí àrọ̀kúrò tó kásẹ̀ nílẹ̀ ní nǹkan bí ìparí oṣù kẹwàá.

Àwọn baba wa kì í bá òjò du orí ilé. Ní ayé tí ó jẹ́ pé koríko bẹẹrẹ ni a fi ń bo ilé, ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni wọ́n ń gé e, ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn náà ni wọ́n sì ń fi í bolé. Àní ní Ọ̀yọ́, wọ́n ní àjọ̀dún fún un, àjọ̀dún Bẹẹrẹ, nígbà tí àwọn ìlú abẹ́ Aláàfin ń ru ìdì koríko náà wá fún bíbo ààfin. Nígbà tí páànù dé, ọ̀rọ̀ bọ́ lọ́wọ́ oṣù, nítorí pé ìgbà gbogbo ni páànù ń bẹ lọ́jà. Owó ni ó wá ń yan àkókò fún wa. Ẹ̀yin olùkọ́ mọ ohun tí mo ń wí. Ìgbà tí ènìyàn bá kó àjọ, tàbí tí ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù bá yá a lówó, ni ó ń ránṣẹ́ pe káfíńtà. Ti ilé ẹ̀kọ́ wa tilẹ̀ burú jù bẹ́ẹ̀ lọ: ìsinmi gígùn, láti oṣù keje wọ oṣù kẹsàn-án, ni a ń ṣí orí kíláàsì, nítorí pé àwọn ọmọ ti lọ sílé. Òjò ní tirẹ̀ kò lọ ibì kan.

Bí òjò bá ká ènìyàn mọ́ ẹnu irú iṣẹ́ yìí, bẹ́ẹ̀dì, àga àti tẹlifíṣọ̀n ni wọ́n ń sáré gbé. N kò bá wọn wí. Ṣùgbọ́n àga yóò gbẹ. Ògiri ni ó lè má bọ̀ sípò mọ́. Ọ̀rọ̀ náà, òrùlé, kò jìnnà sí 'orí ilé'. Lábẹ́ orí yìí, orí mìíràn wà tí a kì í náání, èyí ni orí ògiri. Nínú ọ̀pọ̀ ilé àtijọ́, amọ̀ ni ògiri. Ẹ̀yìn ìgbà náà ni wọ́n fi sìmẹ́ǹtì rẹ́ ẹ. Níwọ̀n ìgbà tí òrùlé bá wà lórí rẹ̀, ó lè pẹ́ láyé ju ẹni tí ó mọ ọ́n lọ. Bí a bá ṣí i, omi yóò gba òkè wọ àárín amọ̀ àti sìmẹ́ǹtì. Sìmẹ́ǹtì kò ní jẹ́ kí omi náà tètè jáde. Amọ̀ yóò máa rọ̀ nínú, ojú ògiri yóò sì máa dán bí ẹni pé nǹkan kan kò ṣe é. Àwọn àgbà ní bí ògiri kò bá lanu, alángbá kò lè wọ ibẹ̀. Omi kò dúró kí ògiri lanu ní tirẹ̀. Nígbà tí ó bá yá, apá kan lè ya lulẹ̀, ó sì lè jẹ́ òru, nígbà tí ènìyàn sùn sí ìdí rẹ̀. Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni tó fa ìṣó àkọ́kọ́ yọ, kí ó ti ní ọ̀rá líle àti pákó pẹlẹbẹ tí yóò fi bo orí gbogbo ògiri tí ó fẹ́ ṣí sílẹ̀.

Àwọn káfíńtà fẹ́ràn láti ṣí gbogbo orí ilé láàárọ̀ ọjọ́ kan, nítorí pé iṣẹ́ a máa yá bẹ́ẹ̀. N kò fara mọ́ ọn. Ìwọ̀n yàrá tí wọ́n lè bò padà kí ó tó di ìrọ̀lẹ́ ni kí wọ́n ṣí, kí gbogbo igi, ìṣó àti páànù sì ti wà nílẹ̀ ṣáájú. Ìjì apá ọ̀dọ̀ wa, pàápàá ní ìbẹ̀rẹ̀ àti òpin àsìkò òjò, láti ìlà-oòrùn ni ó sábà ń wá. Ẹni tí ó bá wà ní Ede, apá Òṣogbo ni kí ó máa wò lẹ́yìn ọ̀sán. Afẹ́fẹ́ ni yóò kọ́kọ́ dé, òjò a sì tẹ̀ lé e kíá. Ìdí nìyí tí ó fi dára kí á máa to páànù láti ìwọ̀-oòrùn lọ sí ìlà-oòrùn: etí èyí tí ó gun orí èkejì yóò kẹ̀yìn sí ìjì, afẹ́fẹ́ kò sì ní rí ibi tí yóò ki ọwọ́ bọ̀.

Aṣọ líle tí àwọn awakọ̀ akẹ́rù fi ń bo ẹrù, èyí tí a ń pè ní tapólì, ni ó yẹ kí á fi bo ibi tí iṣẹ́ kù sí. Kí ó kọjá ṣóńṣó òrùlé dé apá kejì, kí á ká etí rẹ̀ mọ́ pákó, kí á sì kan án mọ́ igi. Òkúta tí a kàn gbé lé e lórí kò tó. Ìjì yóò gbé tapólì, òkúta yóò sì já lu ẹni tí ó wà nísàlẹ̀. Kí ó dagẹrẹ pẹ̀lú. Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, ẹ bá mi ṣírò rẹ̀: yàrá kan gùn ní mítà 4, ó fẹ̀ ní mítà 4. Bí òjò mìlímítà 25 bá rọ̀ sórí tapólì tí ó yọ ikùn sílẹ̀, tí omi kò rí ọ̀nà ṣàn, lítà 400 ni yóò dúró síbẹ̀. Kílò 400 nìyẹn, ìwọ̀n àpò sìmẹ́ǹtì mẹ́jọ, lórí igi tí a kò tíì kàn tán!

Bí afẹ́fẹ́ bá ti dé, kí ẹnikẹ́ni má ṣe gun òkè mọ́, kí á sì pa iná mànàmáná gbogbo ilé. Ìlú tí ó mọ Ṣàngó bí Ede kò nílò kí n ṣàlàyé ìdí tí kò fi yẹ kí ènìyàn di páànù mú nígbà tí àrá ń sán.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, kí á má sáré padà sídìí kíkan páànù. Kí á ká ọ̀rá kúrò lórí ògiri kí oòrùn lè rí i, kí á gun àkàsọ̀, kí á fi ìka tẹ amọ̀ wò. Bí ìka bá rì, kí iṣẹ́ dúró, kí àwọn ará ilé sì lọ sùn sí ibòmíràn títí amọ̀ yóò fi le. Káfíńtà lè máa kùn pé ọjọ́ ń lọ. Ìgbà tí a ń dúnàádúrà ni ó yẹ kí á ti bá a sọ ẹni tí yóò ra tapólì, àti iye tí a óò san fún ọjọ́ tí òjò bá dá iṣẹ́ dúró.