Owó Ìsinmi Etí Òkun

Ẹni tó bá fẹ́ lọ sinmi ráńpẹ́ ní Lisbon, lórílẹ̀-èdè Pọ́túgàl, kó má rò pé owó bàálù nìkan ni. Físà Schengen tí wọ́n fi ń wọ ibẹ̀ ti di yúrò 90 fún àgbàlagbà, wọn kì í sì í dá owó náà padà bí wọn ò bá fún yín ní físà. Ìlú tún ń gba yúrò 4 lórí àgbàlagbà kọ̀ọ̀kan fún alẹ́ kan ní òtẹ́ẹ̀lì. Nílé oúnjẹ ńkọ́? Búrẹ́dì àti èso ólífì tí wọ́n gbé síwájú yín láìbéèrè, owó ni o! Bí ẹ ò bá fọwọ́ kàn án, wọn ò gbọdọ̀ gbowó ẹ̀. Bó bá di ti etí òkun, ẹ wọ rélùwéè láti Lisbon lọ sí ìlú Cascais, bí ìṣẹ́jú 40 ni; ọ̀fẹ́ ni etí òkun ibẹ̀.