Ara Fínfín: Ọgbẹ́ Ni Kó Tó Di Ọ̀ṣọ́

Ọ̀rọ̀ tí ìgbìmọ̀ ètò ìlera bá ẹgbẹ́ sọ níbi ìpàdé gbogboogbò wa ní Lanham

  

Nígbà tí a kọ́kọ́ fi àkòrí ọ̀rọ̀ yìí han àwọn aláṣẹ ẹgbẹ́, àwọn kan bi wá pé kí ni ara fínfín ń wá nínú ìpàdé ọmọlúàbí. Ìdáhùn wa kò gùn. Àwọn ọmọ wa ń fín ara. Àwọn mìíràn ti fín in, àwa òbí ni a kò tíì rí i. A kò wá síbí láti sọ pé ó dára tàbí kò dára. Àwọn pásítọ̀ àti àwọn ààfáà wa ló ni ìyẹn, ẹni tó bá sì fẹ́ ka Léfítíkù orí 19, ẹsẹ 28, ó mọ ibi tó wà. Ohun tí a bá wá ni pé ara fínfín tuntun, èyí tí àwọn ọmọ ń pè ní tattoo, ọgbẹ́ ni. Ọgbẹ́ kì í dúró kí ẹbí parí ìjà kó tó kó kòkòrò.

Ẹ jẹ́ ká wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí awọ. Abẹ́rẹ́ ẹ̀rọ náà á gún awọ òkè kọjá lọ́pọ̀lọpọ̀ ìgbà, á sì fi tàdáwà sínú awọ kejì tó wà nísàlẹ̀, bíi mìlímítà 1 sí 2. Àwọn sẹ́ẹ̀lì tó ń gbèjà ara á sáré wá gbé tàdáwà náà mì, wọ́n á sì dì í mú síbẹ̀. Ìdí rẹ̀ nìyẹn tí àwòrán náà kì í fi í parẹ́. Ṣùgbọ́n awọ òkè ti lu jára. Ní ọjọ́ mélòó kan àkọ́kọ́, kò yàtọ̀ sí orúnkún ọmọdé tó fi bó lórí kọnkéré: omi á máa sun jáde, á wú díẹ̀, á gbóná díẹ̀, á máa ta ni. Lẹ́yìn náà á gbẹ, á sì máa ṣí pẹ́lẹ́pẹ́lẹ́ bí ara ẹni tí ọyẹ́ mú. Awọ òkè máa ń gbà tó ọ̀sẹ̀ 2 sí 4 kó tó jinná. Ti ìsàlẹ̀ máa ń pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ, ó lè gba oṣù mélòó kan.

Àwa Yorùbá kọ́ ni ẹni tó yẹ kí wọ́n máa kọ́ ní ìtọ́jú ojú abẹ. Àwọn bàbá kan wà nínú gbọ̀ngàn yìí tó ní pélé lójú, ìyá kan sì wà níwájú níhìn-ín tí àbàjà rẹ̀ ṣì ń dán. Nínú ìwé ìtàn Yorùbá tí Samuel Johnson kọ, tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 1921, ó to gọ̀ǹbọ́, kẹ́kẹ́, àbàjà àti pélé lẹ́sẹẹsẹ. Lọ́dọ̀ àwọn Ọ̀họ̀rí ní ilẹ̀ Benin, àwọn obìnrin a máa kọ kóló sí ara. Olóòlà á fi abẹ kékeré là á, á sì fi ẹ̀ẹ́dú tàbí èéfín àtùpà pa á lójú kó lè dúdú. Fínfín tí àwọn ọmọ ń sanwó gọbọi fún lónìí kò jìnnà sí i. Òòlà kò sì parí síbi abẹ. Wọ́n á kán omi ìgbín sí i kó lè tutù, wọn kì í sì í gbà kí ẹnikẹ́ni ṣáà fọwọ́ kàn án. Òfin ẹ̀tọ́ ọmọdé ti Nàìjíríà, ọdún 2003, ní abala 24, ti ka ilà kíkọ àti ara fínfín fún ọmọdé léèwọ̀, ó sì dùn mọ́ wa nínú. Ìmọ̀ pé ẹni tó la ara gbọ́dọ̀ tọ́jú rẹ̀ ni a kò gbọ́dọ̀ jẹ́ kó bá a lọ.

Síbẹ̀, kì í ṣe gbogbo ohun tó wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù wa ló bá ojú fínfín mu, ibí yìí gan-an sì ni wàhálà ti ń bẹ̀rẹ̀ nílé wa. Omi ìgbín tútù, ẹ jọ̀ọ́, rárá. Kòkòrò ń bẹ nínú rẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò pa. (Ìgbín ńlá ilé wa náà, ẹ má gbé e láàyè gba Dulles wọlé. Ìjọba Amẹ́ríkà kò gbà á, wọ́n á gbà á lọ́wọ́ yín.) Spirit àti Dettol kì í jẹ́ kí ọgbẹ́ tètè jinná, torí pé awọ tuntun tó ń hù gan-an ni wọ́n ń jó. Robb àti Aboniki, ẹ fi wọ́n sílẹ̀ fún ẹ̀yìn ríro. Ọṣẹ dúdú dára lára tó le, ṣùgbọ́n eérú tí wọ́n fi ṣe é ń ta lójú ọgbẹ́. Àṣà fífi aṣọ tí a rì bọ omi gbígbóná tẹ ojú ọgbẹ́, bí a ti ń ṣe fún ìyá ìkókó, ẹ má dán an wò. Òrí tó ti pẹ́ nínú ike, tí gbogbo ilé ń ki ọwọ́ bọ̀, ẹ jẹ́ kó dúró di ìgbà tí awọ bá ti pa dé. Vaseline náà, àwọn dókítà awọ ara ní Amẹ́ríkà kò fẹ́ ẹ lórí ara fínfín, wọ́n ní ó lè mú kí àwọ̀ rẹ̀ ṣá.

Báwo wá ni kí a ti ṣe fọ̀ ọ́? Kí ẹni tó fẹ́ fọ̀ ọ́ kọ́kọ́ fọ ọwọ́ ara rẹ̀. Ọwọ́ ló ń gbé kòkòrò wá ju ohunkóhun lọ. Ohun tí oníṣẹ́ náà fi bò ó, ìgbà tó bá ní kí wọ́n ṣí i ni kí wọ́n ṣí i. Àwọn kan ń lo bàńdéèjì fún wákàtí díẹ̀, àwọn mìíràn ń lo ọ̀rá tẹ́ẹ́rẹ́ tó ń lẹ̀ mọ́ ara fún ọjọ́ mélòó kan. Bó bá lẹ̀ pinpin, omi ni kí ẹ fi rẹ ẹ́, ẹ má fà á ya. Omi ẹ̀rọ tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ ni kí ẹ jẹ́ kó máa ṣàn sí i pẹ̀lẹ́, ẹ má jẹ́ kí ṣáwà máa lù ú. Ọṣẹ tí kò ní òórùn dídùn, díẹ̀. Ìka ọwọ́ ni kí ẹ fi fọ̀ ọ́, kì í ṣe kànìnkànìn. Ẹ ṣàn án títí yíyọ̀ ọṣẹ á fi kúrò, kí ẹ wá fi bébà ìnuwọ́ tó mọ́ tẹ̀ ẹ́ gbẹ, ẹ má nù ún. Aṣọ ìnura tí gbogbo ilé fi ń nura kò dára fún un. Ẹ jẹ́ kí atẹ́gùn fẹ́ sí i díẹ̀, kí ẹ tó fi ìpara tí kò lóòórùn pa á, fẹ́ẹ́rẹ́ bí ìgbà tí a fi epo yí ojú páànù. Bó bá ń dán yanran, ó ti pọ̀ jù. Ẹ̀ẹ̀mejì lóòjọ́ ti tó, àyàfi bó bá dọ̀tí tàbí tí ẹ làágùn. Aṣọ tí kò fún mọ́ra, aṣọ ìbùsùn tó mọ́. Bó bá sì jẹ́ ọrùn tàbí ẹ̀yìn etí ni, ẹ sọ fún onídìrí kó jẹ́ kí ìpara irun jìnnà síbẹ̀.

Yóò yún yín. Ẹ má họ ọ́, ẹ má sì fi èékánná ṣí èépá rẹ̀. Èépá tí a fi ipá ṣí máa ń gbé àwọ̀ dání lọ, á sì fi àpá sílẹ̀. Àwa aláwọ̀ dúdú la sì sábà máa ń ní àpá tó ń wú ga ju ojú ọgbẹ́ lọ, èyí tí wọ́n ń pè ní keloid. Ẹni tí etí rẹ̀ wú bẹ́ẹ̀ nígbà tí wọ́n lu ú, tàbí tí òbí rẹ̀ ní irú rẹ̀, kó rò ó dáadáa kó tó jẹ́ kí wọ́n fín àyà tàbí èjìká rẹ̀. Ìtọ́jú tó dára kò ní kí ó má wú.

Ẹ jẹ́ ká dúró díẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ omi, torí pé ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni àwọn ọmọ ń fín ara, ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn náà la sì ń lọ sí Sandy Point àti Ocean City. Ní ọdún 2017, àwọn dókítà kọ ọ́ sínú ìwé BMJ Case Reports nípa ọkùnrin ọmọ ọdún 31 kan tó wẹ̀ nínú òkun Gulf of Mexico ní ọjọ́ 5 péré lẹ́yìn tí ó fín ẹsẹ̀ rẹ̀. Ẹ̀dọ̀ rẹ̀ ti ń ṣàìsàn tẹ́lẹ̀. Kòkòrò tí wọ́n ń pè ní Vibrio vulnificus wọ inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, wọ́n tọ́jú rẹ̀ títí, ó kú lẹ́yìn nǹkan bí oṣù 2. Irú kòkòrò yẹn wà nínú omi Chesapeake Bay nígbà tí omi bá ti lọ́ wọ́ọ́rọ́. A dárúkọ ẹ̀dọ̀ nítorí pé hepatitis B wọ́pọ̀ nílẹ̀ wa, ọ̀pọ̀ ẹni tó ní in ni kò sì mọ̀. Nítorí náà, kò sí òkun, kò sí odò, kò sí adágún ìlúwẹ̀ẹ́, kò sí jíjókòó sínú omi báàfù, títí ojú rẹ̀ á fi pa dé. Oòrùn náà, ẹ fi aṣọ bò ó. Ìpara ìdènà oòrùn di ẹ̀yìn ìgbà tó bá jinná.

Kì í ṣe ìtọ́jú ilé nìkan ló ń fa kòkòrò. Ní Rochester, ìpínlẹ̀ New York, ní ìparí ọdún 2011, ènìyàn 19 ni ara wọn sú, tí kò lọ, lẹ́yìn tí wọ́n fín wọn dáadáa ní ṣọ́ọ̀bù tó mọ́. Tàdáwà eérú tí wọ́n ti pò látọ̀dọ̀ ẹni tó ṣe é ni kòkòrò wà nínú rẹ̀. Ẹ béèrè, kẹ́ ẹ sì fojú rí i, pé abẹ́rẹ́ tuntun ni wọ́n ń tú nínú ọ̀rá, pé omi ẹ̀rọ kọ́ ni wọ́n fi ń la tàdáwà. Èyí tí ọ̀rẹ́ ń fín fún ọ̀rẹ́ nínú yàrá ilé ẹ̀kọ́, àwa kò ní ọ̀rọ̀ rere kan láti sọ nípa rẹ̀.

Wàyí o, àmì ewu. Ìwé tí wọ́n ń fún àwọn ọmọ ní ṣọ́ọ̀bù á ní kí wọ́n máa ṣọ́ pípọ́n. Lára adúláwọ̀, pípọ́n kì í fi bẹ́ẹ̀ hàn, ó lè dà bí elésè àlùkò tàbí kó kàn dúdú sí i. Ẹ fi ẹ̀yìn ọwọ́ kàn án, kí ẹ fi ẹ̀gbẹ́ kejì wé e. Bí ooru rẹ̀ bá ń pọ̀ sí i lẹ́yìn ọjọ́ kẹta dípò kó máa rọlẹ̀, bí ó bá ń le, tí ìrora ń pọ̀, tí ọyún ń jáde, tàbí tí ìlà kan ń gùn kúrò níbẹ̀ lọ sókè, ẹ lọ rí dókítà lọ́jọ́ náà. Bí ibà tàbí òtútù bá bá a rìn, ẹ má dúró de ilẹ̀ mọ́. Ilé ìwòsàn ńlá tó wà ní Largo, èyí tó rọ́pò ti Cheverly ní 2021, ń gba aláìsàn tọ̀sán tòru.

A mọ ọmọbìnrin kan tó dé láti kọ́lẹ́ẹ̀jì fún Thanksgiving, tó wọ aṣọ alápá gígùn fún ọjọ́ mẹ́ta nínú ilé tí híítà ti ń jó. Ìyá rẹ̀ rò pé otútù ló ń mú un. Ìgbà tó ń gbọ̀n lórí bẹ́ẹ̀dì ni wọ́n tó rí apá rẹ̀. Ó sàn, a dúpẹ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí a bi í pé kí ló dé tí kò sọ̀rọ̀, ó ní òun ń bẹ̀rù bàbá òun ju ibà lọ. Ẹ̀yin bàbá, ẹ ní ẹ̀tọ́ láti bínú. Ẹ jẹ́ kí ọgbẹ́ jinná ná, kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ náà, ẹ má fi aṣọ bo ohun tó ń jẹ yín lára. Bí ẹ kò bá lè sọ fún ìyá yín, ẹ sọ fún àǹtí tàbí bùrọ̀dá kan nínú ẹgbẹ́ yìí.

A ó wà nídìí tábìlì ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn títí ìpàdé á fi tú. Ẹni tó bá ní èyí tó fẹ́ ká bá òun wò, yàrá kékeré kan wà lẹ́yìn, iná rẹ̀ mọ́lẹ̀ dáadáa, a kò sì ní pe òbí ẹnikẹ́ni tó bá ti pé ọdún 18.