Kí A Tó Dúpẹ́ Ẹ̀dínwó, Ẹ Jẹ́ Ká Ka Ewé
(Ọ̀rọ̀ tí a bá àwọn ọmọ ẹgbẹ́ sọ níbi ìpàdé oṣooṣù ẹ̀ka wa)

Ọ̀rọ̀ tí alága ní kí a wá sọ lónìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìyanṣẹ́lódì, kì í sì í ṣe ọ̀rọ̀ àfikún owó oṣù. Ọ̀rọ̀ tíṣù ni. Ẹ má rẹ́rìn-ín o. Tíṣù tí a fi ń nùdí, páàdì tí àwọn ìyàwó àti àwọn ọmọbìnrin wa ń lò, ìwé tí àwọn ọmọ fi ń kọ iṣẹ́ ilé-ẹ̀kọ́, gbogbo wọn ló ń gbé owó wa lọ díẹ̀díẹ̀. Owó ńlá a máa dunni nígbà tó bá ń jáde lápò. Owó kékeré kì í dunni, òun ló sì ń jẹ owó oṣù tán.

Kí a tó lọ jìnnà, ẹ jẹ́ ká la ọ̀rọ̀ kan mọ́lẹ̀. A kò wá sọ pé bí òṣìṣẹ́ bá ti mọ owó ná, owó oṣù rẹ̀ á tó o. Ní oṣù keje 2024, ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí ₦70,000 gẹ́gẹ́ bí owó oṣù tó kéré jù lọ. Ẹni tó ń gbọ́ bùkátà ilé mọ ibi tí iye yẹn ń parí sí. Kò sí ọ̀gá tó gbọ́dọ̀ fi ọ̀rọ̀ wa yìí dá wa lóhùn nígbà tí a bá jókòó tì í lórí owó oṣù. Ṣùgbọ́n owó tí a fi òógùn gbà lọ́wọ́ ọ̀gá, kò yẹ kí a tún gbé e fún ọlọ́jà lọ́fẹ̀ẹ́.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ jẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀ tiwa. Ẹ rántí pé lọ́dún tó kọjá, ẹgbẹ́ fẹnu kò pé kí a máa dá owó jọ ra tíṣù ní bèélì-bèélì. Àwa aṣojú òṣìṣẹ́ mẹ́ta ni ẹ rán lọ sọ́jà. Bèélì tí a ń rà tẹ́lẹ̀, róòlù 48 ló wà nínú rẹ̀, ₦12,000 ni. Lọ́jọ́ náà, a rí ilé ìtajà kan tó kọ ọ́ gàdàgbà síta pé gbàǹjo ni, bèélì kan ₦9,600. Inú wa dùn. A kò ṣí i, a kò yẹ̀ ẹ́ wò, a ra mẹ́rin, a kó o sẹ́yìn ọkọ̀ ọmọ ẹgbẹ́ wa kan, a ń kọrin bọ̀. Lójú tiwa, a ti fi ₦9,600 pamọ́ fún ẹgbẹ́. Àfi bí ẹni pé wọ́n ta bèélì kan lé e fún wa.

Nígbà tí a ń pín in, ìyá kan tó ń tún àyíká ilé-iṣẹ́ wa ṣe mú róòlù kan. Ó fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́, ó wo ihò àárín rẹ̀. Ó ní, "Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ ti kà á?" A ní, "Mọ́mì, ta ló ń ka tíṣù?" Ìyá kò dá wa lóhùn. Ó tú u sórí tábìlì, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kà á ní ewé kọ̀ọ̀kan. Àwọn kan ń rẹ́rìn-ín. Nígbà tó ka 125, páálí àárín nìkan ló kù lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ní kí a lọ mú irú ti tẹ́lẹ̀ wá. Ó ku ẹyọ kan ní ọ́fíìsì ẹgbẹ́. Gbogbo wa la jọ ka ìyẹn: ewé 200 ni. Ewé méjèèjì sì gùn dọ́gba, wọ́n fẹ̀ dọ́gba. Ẹ̀rín bá tán lẹ́nu wa.

A mú bíró, a ṣe irú ìṣirò tí wọ́n kọ́ wa ní ilé-ẹ̀kọ́ alẹ́. Róòlù gbàǹjo jẹ́ ₦200 fún ewé 125. Ewé kan jẹ́ ₦1.60. Róòlù ti tẹ́lẹ̀ jẹ́ ₦250 fún ewé 200. Ewé kan jẹ́ ₦1.25. Bèélì mẹ́rin tí a rà, ewé 24,000 ló wà nínú rẹ̀, ₦38,400 la sì san. Bó bá jẹ́ ti tẹ́lẹ̀ ni a rà, róòlù 120 ì bá fún wa ní ewé 24,000 náà, ₦30,000 la ò bá san. Ẹ wò ó bí ó ti rí: àwa tí a rò pé a fi ₦9,600 pamọ́, ₦8,400 la pàdánù. A padà lọ sí ilé ìtajà náà, wọ́n ní ọjà gbàǹjo kì í padà. Àwa mẹ́ta tí ẹ rán níṣẹ́ la pín gbèsè náà san, ₦2,800 lẹ́nì kọ̀ọ̀kan, nítorí owó ẹgbẹ́ kì í ṣe owó tí a ń fi ṣeré. Owó náà dùn wá, ṣùgbọ́n ojú tó tì wá níwájú ìyá yẹn ló dùn wá jù. Ẹ̀kọ́ tí a rí kọ́ níbẹ̀ la wá fẹ́ pín fún yín.

Èkíní: ewé ni a ń rà, a kò ra róòlù. Iye tí wọ́n kọ sára ọjà kò tó gbára lé. Ẹ pín owó sí iye ewé. Ẹ tẹ róòlù wò: bí ó bá rọ̀ bíi búrẹ́dì, wọn kò wé e le. Ẹ wo ihò àárín: bí ó bá fẹ̀ jù, afẹ́fẹ́ lẹ ń rà. Bákan náà ni ìwé àwọn ọmọ. Ìwé ewé 40 wà, ti ewé 60 wà, ti ewé 80 náà wà. Ká ní ewé 40 jẹ́ ₦200, tí ewé 60 sì jẹ́ ₦270. Ti àkọ́kọ́, ewé kan ₦5. Ti ìkejì, ewé kan ₦4.50. Èyí tó dà bíi pé ó wọ́n ló pọ̀jù fún wa. Kí ẹ sì rà á kí ọjọ́ ìwọlé tó dé, nígbà tí gbogbo òbí kò tíì ya bo ọjà.

Ti páàdì, ẹ ka iye ẹyọ tó wà nínú páálí. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin bàbá, ẹ gbọ́ o: ibẹ̀ kọ́ la ti ń ṣahun. Ọmọbìnrin tí kò rí páàdì lò, ilé ló ń jókòó sí nígbà tí ẹgbẹ́ rẹ̀ wà ní kíláàsì. Ẹ kọ ọ́ sínú ìnáwó ilé gẹ́gẹ́ bí ẹ ti ń kọ gàrí sí i.

Èkejì ni ọ̀rọ̀ kúpọ́ọ̀nù. Àwọn àgbà wa tó ta púùlù rí, kúpọ́ọ̀nù tí wọ́n mọ̀ nìyẹn. Ṣùgbọ́n irú mìíràn wà. Ní Amẹ́ríkà, láti nǹkan bí 1887 ni àwọn tó ń ta Coca-Cola ti ń pín ìwé pélébé tí ènìyàn fi ń gba ife kan lọ́fẹ̀ẹ́. Ó di àṣà níbẹ̀ pé kí àwọn ìyàwó ilé máa gé kúpọ́ọ̀nù láti inú ìwé ìròyìn, kí ọlọ́jà sì yọ iye tó wà lórí rẹ̀ kúrò. Àwọn ilé ìtajà ńlá tiwa náà ń ṣe irú rẹ̀: "ra méjì, gba ọ̀kan." Kò burú, ṣùgbọ́n ẹ ka ọ̀rọ̀ wínníwínní tó wà nísàlẹ̀. Bí wọ́n bá ní kí o ra ọjà ₦10,000 kí wọ́n tó yọ ₦500 fún ọ, tí owó ọkọ̀ àlọ àti àbọ̀ sì jẹ́ ₦600, ìwọ lo fún wọn ní ẹ̀bùn. Èènì tí ìyá ọlọ́jà ń bù sí i lójú wa dára ju kúpọ́ọ̀nù tí ọjọ́ rẹ̀ ti kọjá. Ẹ má sì yá owó èlé ra gbàǹjo láéláé.

Ẹ mọ̀ pẹ̀lú pé òfin ìdáàbòbò oníbàárà ti 2018 kò gbà kí ọlọ́jà gba iye tó ju èyí tó lẹ̀ mọ́ ọjà lọ. Bí iye tí wọ́n pè níbi ìsanwó bá ju ti orí káńtà lọ, ẹ sọ̀rọ̀.

Ẹ̀kẹta ló ṣe pàtàkì jù: ká jùmọ̀ rà. Ní 1844, àwọn òṣìṣẹ́ 28 ní ìlú Rochdale, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, dá owó jọ, pọ́n-ùn kọ̀ọ̀kan, wọ́n ṣí ṣọ́ọ̀bù tiwọn. Ìyẹ̀fun, bọ́tà, ṣúgà àti àbẹ́là wà lára ohun tí wọ́n kọ́kọ́ tà. Èrè tí wọ́n bá jẹ, wọ́n ń pín in padà fún ọmọ ẹgbẹ́ gẹ́gẹ́ bí kálukú ti ra ọjà tó. Kúpọ́ọ̀nù tí kì í bàjẹ́ nìyẹn. Nílẹ̀ tiwa, láti 1935 ni òfin ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ti wà. Bí ilé méjìlá bá dá ₦1,000 kọ̀ọ̀kan, bèélì ₦12,000 dé. Kálukú gba róòlù mẹ́rin. Bó bá jẹ́ pé ₦300 ni ẹyọ kan ládùúgbò, ilé kọ̀ọ̀kan ti fi ₦200 pamọ́. Ẹ̀yin awakọ̀ tí ẹ ń gba ọ̀nà ọjà kọjá ni ẹ ó bá wa gbé e, kí owó ẹrù má baà jẹ èrè náà.

Láti ìsinsìnyí lọ, báyìí la ó ṣe máa ṣe é: ẹni méjì ni yóò máa di owó mú, rìsíìtì yóò wà lára pátákó, a ó ṣí bèélì lọ́jà kí a tó sanwó, a ó ka róòlù kan. Orí pákó la ó máa tò ó sí, nínú ọ̀rá, kì í ṣe orí sìmẹ́ǹtì, nítorí bébà a máa mu omi, èkúté sì fẹ́ràn rẹ̀.

A ti fi ìyá yẹn jẹ olùyẹ̀wò ọjà ẹgbẹ́. Láti ìgbà náà, kò sí ẹni tó tún fi kíkà tíṣù rẹ́rìn-ín mọ́. Ọwọ́ kan kò gbé ẹrù dórí. Ẹni tó bá fẹ́ dara pọ̀ mọ́ wa, kó fi orúkọ sílẹ̀ lọ́wọ́ akọ̀wé kí oṣù tó parí.