Àgbàlá Tí Igi Ṣíji Bò: Ẹ Jẹ́ Ká Tò Ó Kí Òjò Tó Dé



Púpọ̀ nínú wa ní Kàdúná níbí ló ní àgbàlá tí máńgòrò àti dongoyárò ṣíji bò, tí igbó sì kún ìsàlẹ̀ rẹ̀. Ejò fẹ́ràn irú ibẹ̀, ibẹ̀ náà sì làwọn ọmọ wa ti ń ṣeré. Àwọn kan ní ká gé igi náà dànù. Rárá o! Ta ni yóò ṣíji bò wá nínú ooru oṣù kẹta?

Láti oṣù kìíní ni kí ẹ ti wọ bàtà òjò, kí ẹ ṣánko, kí ẹ gé ẹ̀ka ìsàlẹ̀ kúrò. Ẹ má sun ewé. Ẹ kó o jọ, ẹ máa wọ́n omi sí i, kó jẹrà di ajílẹ̀.

Ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Kí ẹ tó ra irúgbìn, ẹ wo ibi tí oòrùn ń dé láàárọ̀, lọ́sàn-án àti nírọ̀lẹ́. Ibi tó bá ń rí oòrùn tó wákàtí 6 ni ti ata, tòmátì àti ewédú. Ibi tí igi ṣíji bò díẹ̀ ni ti kókò, gbúre àti ata ilẹ̀. Àmọ́ ẹ yan ata ilẹ̀ tó jíire, torí àrùn ba oko rẹ̀ púpọ̀ jẹ́ ní gúúsù Kàdúná lọ́dún 2023.

Bí òjò bá ti fẹsẹ̀ múlẹ̀, ẹ gbìn ín. Ẹ jìnnà sí ìdí igi, kí ẹ má baà ṣá gbòǹgbò rẹ̀. Igi á wà, ọbẹ̀ á wà, ọmọ á sì ṣeré láìsí ewu.