Omi Díẹ̀ Tó Láti Pa Ọmọ Kékeré

Àwọn àgbà wa ní omi kò lọ́tàá. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ó yẹ kí a ṣọ́ omi tí ó wà nínú ilé wa. Kì í ṣe odò ńlá ni à ń wí. Omi inú abọ́ ìwẹ̀, inú garawa, inú àmù àti inú kòtò ẹ̀yìn ilé ni.

Ẹ jẹ́ kí a rò ó báyìí. Ìyá kan wẹ ọmọ rẹ̀ tán. Ọmọ náà ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rìn. Omi kù díẹ̀ nínú abọ́. Jíjìn rẹ̀ kò ju ìbú ìka mẹ́rin lọ. Ìyá ní, "Bí mo bá rokà tán, màá dà á nù." Ó wọ ilé ìdáná. Ọmọ padà sídìí abọ́ láti fi ọwọ́ ta omi. Ó bẹ̀rẹ̀, ó sì fi orí ṣubú sínú rẹ̀. Ìyá kò gbọ́ nǹkan kan. Nígbà tí ó jáde, ó ti pẹ́ jù.

Kí ló dé tí kò gbọ́? Ọmọ tí omi ń pa kò lè ké, nítorí omi ti dí ẹnu àti imú rẹ̀. Bí ilé bá ṣàdédé dákẹ́, ẹ dìde, ẹ wá ọmọ. Ibi tí omi wà ni kí ẹ kọ́kọ́ wò.

Kí ló dé tí kò lè dìde? Orí ọmọ kékeré wúwo, apá rẹ̀ kò sì tíì lágbára. Bí orí bá ti lọ sísàlẹ̀, kò lè gbé e sókè mọ́.

Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣírò pé nǹkan bí 300,000 ènìyàn ni omi pa ní gbogbo ayé ní ọdún 2021. Nínú ènìyàn 4 tó kú bẹ́ẹ̀, nǹkan bí 1 jẹ́ ọmọ tí kò tíì pé ọdún 5.

Kí ni kí a ṣe?

1. Bí ẹ bá wẹ ọmọ tán, ẹ da omi náà nù lójú ẹsẹ̀, kí ẹ sì dojú abọ́ délẹ̀. Ní ìhà Kétu, omi ṣọ̀wọ́n, kànga sì jìn. Ó máa ń dun ènìyàn láti da omi nù. Ẹ dà á sídìí ẹ̀fọ́ tàbí ọ̀gẹ̀dẹ̀. Omi kò ṣòfò, ọmọ kò sì kú.

2. Ẹ fi ìdérí tó wúwo dé àmù àti garawa. Aṣọ tàbí páálí kò tó.

3. Ẹ mọ ògiri yí ẹnu kànga àti kòtò omi òjò ká, kí ẹ sì dé e. Kòtò tí ẹ ti wa amọ̀ ilé, ẹ dí i kí òjò tó dé.

4. Ẹ yan àgbàlagbà kan tí yóò máa ṣọ́ ọmọ. Bí a bá ní, "Gbogbo wa là ń wò ó," kò sí ẹni tó ń wò ó. Ọmọ ọdún 6 kò lè ṣọ́ ọmọ ọdún 2 nídìí omi.

Bí ó bá ti ṣẹlẹ̀ ńkọ́? Ẹ gbé ọmọ jáde kíá, kí ẹ ké pe aládùúgbò. Ẹ má dorí rẹ̀ kodò, ẹ má tẹ ikùn rẹ̀, ẹ má da epo sí i lẹ́nu. Bí kò bá mí, ẹ tẹ́ ẹ sílẹ̀, ẹ gbé àgbọ̀n rẹ̀ sókè díẹ̀. Ẹ di imú rẹ̀, kí ẹ fẹ́ èémí sí i lẹ́nu lẹ́ẹ̀ 5. Lẹ́yìn náà, ẹ fi àtẹ́lẹwọ́ kan tẹ àárín àyà rẹ̀ lẹ́ẹ̀ 30 kíákíá, kí ẹ tún fẹ́ èémí lẹ́ẹ̀ 2. Ẹ máa ṣe bẹ́ẹ̀ títí yóò fi mí, tàbí títí nọ́ọ̀sì yóò fi dé. Bí ọmọ bá tilẹ̀ sọjí, ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà.

Ní alẹ́ òní, kí ẹ tó sùn, ẹ gbé fìtílà, ẹ yí ilé ká. Ẹ ka gbogbo ohun tí omi wà nínú rẹ̀. Èyí tí kò ní ìdérí, ẹ dé e.